Ọrùn tuntun fún gìtá báàsì: ìdí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọrùn mìíràn fún gìtá báàsì rẹ̀ sábà máa ń ti orí àwọ̀ bẹ̀rẹ̀: ṣé kí ojú rẹ̀ dúdú ni tàbí kí ó pọ́n, ṣé kí ẹ̀yìn rẹ̀ máa dán ni tàbí kí ó gbẹ lọ́wọ́. Àwọ̀ kọ́ ló ń ba owó jẹ́. Ìdí ọrùn ni, ìyẹn ibi tí sìkúrù ń gbà wọlé, àti ìwọ̀n láti ibẹ̀ dé àwọn fret, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ojú ọrùn. Bí ìyẹn bá bọ́ sí i, gbogbo yòókù di ọ̀rọ̀ ohun tó wù yín. Bí kò bá bọ́ sí i, ọrùn tó rẹwà jù lọ á di igi lásán lọ́wọ́ yín.

Gìtá tí wọ́n fi sìkúrù de ọrùn rẹ̀ mọ́ ara ni mò ń sọ. Èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, tàbí èyí tí igi ọrùn la ara já láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò ṣe é tú bẹ́ẹ̀. Leo Fender, aṣegìtá ará Amẹ́ríkà, gbé Precision Bass jáde ní 1951 pẹ̀lú ọrùn onísìkúrù, Jazz Bass sì tẹ̀ lé e ní 1960. Òun ló fà á tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọrùn tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ fi ń tẹ̀ lé ìwọ̀n Fender. Ẹni tí gìtá rẹ̀ kì í bá ṣe irú Fender gbọ́dọ̀ tẹjú mọ́ ìwọ̀n ju ẹlòmíràn lọ.

Kí tépù ṣáájú owó

Ẹ wọn láti etí nut, níbi tí okùn ti bọ́ sórí ọrùn, dé àárín fret 12, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ohun tí ẹ rí ni scale gìtá náà. Báàsì tó wọ́pọ̀ jù jẹ́ 34 ínǹṣì, ìyẹn 863.6 mm, nítorí náà 17 ínǹṣì ló gbọ́dọ̀ wà láàárín nut àti fret 12. Àwọn kúkúrú jẹ́ 30, àwọn tó wà láàárín jẹ́ 32, àwọn olókùn márùn-ún kan sì máa ń jẹ́ 35. Orí scale ni wọ́n ti ṣírò ibi tí fret kọ̀ọ̀kan yóò wà. Bí ẹ bá de ọrùn 30 mọ́ ara tí wọ́n ṣe fún 34, okùn tí ẹ kò tẹ̀ nìkan ni yóò dún dáadáa, àfi bí ẹ bá tú bridge, ìyẹn irin tí okùn parí sí lára gìtá, kúrò kí ẹ sì kàn án síbòmíràn.

Ìwọ̀n kejì ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: láti àárín fret 12 dé òpin ìdí ọrùn, níbi tó ti fara ti ògiri kòtò tó wà lára gìtá. Ọrùn méjì lè jọ jẹ́ 34 kí ìwọ̀n yìí má bára mu. Bí ti tuntun bá fi 6 mm gùn ju ti àtijọ́ lọ, fret 12 á fi 6 mm jìnnà sí bridge ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gbogbo saddle, ìyẹn irin kékeré tí okùn kọ̀ọ̀kan gùn lé lórí bridge, á sì ní láti sún síwájú ní 6 mm kí ohùn tó tọ́. Bridge kan ní àyè tó bẹ́ẹ̀. Lórí òmíràn, sìkúrù saddle á ti tán kí ẹ tó débẹ̀.

Bí ọrùn àtijọ́ bá ti sọnù, ara gìtá náà ṣì lè dá yín lóhùn. Ẹ wọn láti ògiri kòtò, ní apá tó kọjú sí bridge, dé orí saddle okùn G. Ẹ fi kún ìwọ̀n tí olùtajà fún yín láti fret 12 dé òpin ìdí. Àpapọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ 17 ínǹṣì, tàbí kí ó fi mìlímítà kan sí méjì lé e. Saddle okùn E máa ń wà lẹ́yìn ti G ní bíi 3 sí 5 mm, nítorí náà ẹ rí i pé àyè ṣì kù fún un láti sún sẹ́yìn. Olùtajà tí kò bá lè fún yín ní ìwọ̀n yìí kò mọ ohun tó ń tà. Ẹ wá ẹlòmíràn lọ.

Fífẹ̀ ìdí ọrùn báàsì olókùn mẹ́rin irú Fender jẹ́ 2½ ínǹṣì, 63.5 mm. Ti gìtá lásán kéré sí i, kò sì ní bá ibẹ̀ mu. Kálípà ni kí ẹ fi wọn kòtò náà, kì í ṣe rúlà, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n ní iwájú, àárín àti ẹ̀yìn, torí ọ̀dà tó nípọn lè jẹ ìdajì mìlímítà nínú rẹ̀. Ohun tó dára ni kí ọrùn wọlé pẹ̀lú agbára ọwọ́ díẹ̀, kí ó sì dúró fúnra rẹ̀. Bí ó bá há, ẹ má gbá a wọlé: ọ̀dà á là ní igun kòtò, ìlà náà á sì máa gùn sí i lójú ara gìtá. Ẹ fi sáńpépà ha ọ̀dà ara ògiri kòtò díẹ̀díẹ̀ títí ọrùn yóò fi wọlé. Àlàfo tí kò ju sísanra káàdì kan lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ṣe nǹkan kan. Sìkúrù á dì í mú. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọrùn lè yẹ̀ sápá kan tí gìtá bá gbá nǹkan, okùn tó wà létí á sì máa bọ́ kúrò lójú fret.

Sísanra ìdí náà jẹ́ 1 ínǹṣì, 25.4 mm, kòtò sì sábà máa ń jìn tó ⅝ ínǹṣì, bíi 16 mm. Bí ìdí tuntun bá fi 1.5 mm nípọn ju ti àtijọ́, gbogbo saddle á gòkè ní 1.5 mm. Èyí kò burú. Ìdàkejì rẹ̀ ló ń dáni lára: bí ìdí bá tín-ín-rín, ẹ ó rẹ saddle sílẹ̀ títí yóò fi jókòó lórí bridge, okùn á sì ṣì ga jù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni shim, ìyẹn ègé tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi sábẹ́ ìdí ọrùn nínú kòtò, máa ń wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá lò ó, ẹ lo onípákó tó gba gbogbo ìdí kòtò, tí wọ́n gé ní ìdagẹ̀rẹ̀ bíi 0.5°. Ègé páálí kékeré tí ọ̀pọ̀ ń fi sí ẹ̀yìn kòtò nìkan máa ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín, sìkúrù á sì máa fa igi ọrùn sínú àlàfo yẹn títí àwọn fret tó wà nítòsí ìdí ọrùn yóò fi gbé orí sókè.

Ọrùn Precision àti ti Jazz ní ìdí kan náà, nítorí náà wọ́n ṣe é pààrọ̀ fún ara wọn. Nut ni wọ́n ti yàtọ̀. Jazz jẹ́ 1½ ínǹṣì, 38.1 mm, Precision òde òní sábà máa ń jẹ́ 1⅝, 41.3 mm; àwọn Precision àtijọ́ kan sì fẹ̀ tó 1¾, 44.5 mm. Ọwọ́ ọ̀tún kò ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà, torí bridge ló ń pinnu àyè tó wà láàárín okùn níbẹ̀, ó sì sábà jẹ́ bíi 19 mm. Ọwọ́ òsì ni yóò mọ̀ ọ́n. Lójú tèmi, sísanra ẹ̀yìn ọrùn ló ṣe pàtàkì ju fífẹ̀ nut lọ. Ọrùn tó nípọn tó 20 mm ní fret 1 àti èyí tó tó 23 mm yàtọ̀ síra lọ́wọ́ gidi, bí nut wọn tilẹ̀ dọ́gba. Ẹ bi olùtajà ní sísanra ní fret 1 àti ní fret 12. Lẹ́tà C, D tàbí U tí wọ́n ń kọ sí i fún ìrísí ẹ̀yìn ọrùn kò tó, torí C ilé iṣẹ́ kan kì í ṣe C ilé iṣẹ́ kejì.

Fret 20 tàbí 21? Scale kò yí padà. Lórí ọrùn irú Fender, fret 21 máa ń jókòó sórí ètè pákó tó yọ síwájú kọjá òpin ìdí, ètè náà á sì nà sórí pickguard, ìyẹn páálí ike tó bo ojú gìtá. Bí pickguard bá nípọn jù, yóò máa ti ètè náà sókè, ìdí ọrùn kò sì ní jókòó dáadáa. Ẹ fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí kò bá kọjá, pickguard ni kí ẹ ha.

Báàsì olókùn márùn-ún kò ní ìwọ̀n àjùmọ̀ṣe kan. Ìdí rẹ̀ fẹ̀ jù, olúkúlùkù sì ń ṣe é bó ṣe wù ú. Music Man StingRay náà kò bá ti Fender mu, nínú kòtò àti nínú iye sìkúrù. Fún irú àwọn wọ̀nyí, ọrùn tí wọ́n dárúkọ gìtá yín gan-an lé lórí nìkan ni kí ẹ rà.

Ní ti àmì "Licensed by Fender" tí ẹ máa ń rí nídìí ọrùn ilé iṣẹ́ Warmoth tàbí Allparts: àṣẹ láti lo àwòrán orí gìtá Fender ni. Kì í ṣe ẹ̀rí pé ihò sìkúrù rẹ̀ yóò bá ti ara gìtá yín mu.

Ihò, irin àti igi

Bí wọ́n bá fún yín láyè láti yàn, ẹ ra ọrùn tí wọn kò tíì lu ihò sìkúrù sí. Lára páànù irin ẹ̀yìn gìtá irú Fender, àyè ihò jẹ́ 1½ ínǹṣì sí 2 ínǹṣì, ṣùgbọ́n ihò ara igi lè yẹ̀ ní mìlímítà kan. Mìlímítà kan nídìí ọrùn tó láti mú kí okùn G tàbí E súnmọ́ etí jù lókè. Bí ihò tó wà níbẹ̀ bá ti ṣì, ẹ má fipá fa sìkúrù bá a. Ẹ fẹ̀ ẹ́ sí 8 mm, ẹ fi ọ̀pá igi líle àti gọ́ọ̀mù igi dí i, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó tún un lù.

Ihò pẹ́ẹ̀gì, ohun tí a fi ń yí okùn lórí gìtá, ni wàhálà kejì. Pẹ́ẹ̀gì ńlá irú ti àtijọ́ máa ń fẹ́ 11/16 ínǹṣì, bíi 17.5 mm. Àwọn kékeré òde òní kan ń lo ½ ínǹṣì, 12.7 mm, àwọn mìíràn sì ń lo 14 mm. Bí ihò bá tóbi ju pẹ́ẹ̀gì lọ, òrùka ìdíhò wà tí wọ́n ń tà fún un. Bí ihò bá kéré, reamer tí a ń fi ọwọ́ yí ni kí ẹ fi fẹ̀ ẹ́, láti ojú àti láti ẹ̀yìn, torí ẹnu díríìlì máa ń já fáníìsì àti igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Ìwọ̀n pẹ́ẹ̀gì náà tún kan bí gìtá ṣe ń dúró lọ́rùn ẹni: pẹ́ẹ̀gì mẹ́rin tó wúwo lórí ara gìtá tó fúyẹ́ á máa fa orí wálẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá jáwọ́ lára rẹ̀.

Irin tó wà nínú ọrùn, truss rod, wà ní oríṣi méjì. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní apá kan lè fa ọrùn sẹ́yìn lòdì sí okùn, ó parí. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní apá méjì lè tẹ̀ ẹ́ síwájú pẹ̀lú, èmi á sì yan ìyẹn fún ọrùn tuntun tí a kò mọ bí igi rẹ̀ yóò ṣe hùwà. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń yí i. Bó bá jẹ́ lórí, ó rọrùn. Bó bá jẹ́ nídìí, ẹ ó máa tú ọrùn kúrò kí ẹ tó lè yí i, àfi bí wọ́n bá fi àgbá oníhò sí i, tàbí tí wọ́n bá gé pickguard fún un. Kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá a dé: kọ́kọ́rọ́ onímìlímítà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ínǹṣì mu ló ń bọ́ ẹnu irin náà.

Igi maple ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ọrùn. Maple tí wọn kò kun ohunkóhun sí máa ń fa ọ̀rinrin, ó máa ń dọ̀tí, ó sì máa ń lọ́. Ẹ má fi í sílẹ̀ lásán, bó tilẹ̀ dùn ún fọwọ́ bà. Òróró igi máa ń tó fún ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ojú maple fẹ́ fáníìsì tó le. Maple tí wọ́n yan nínú ààrò ti pàdánù púpọ̀ nínú omi rẹ̀, kì í sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà bí ojú ọjọ́ bá yí padà. Ó dára fún ẹni tó ń gbé gìtá láti ibi gbígbẹ lọ sí ibi olómi. Àléébù rẹ̀ ni pé ó gbẹ, ó sì yára là: ihò sìkúrù tó bá fún jù lára rẹ̀ á ya igi. Rosewood, ebony àti pau ferro lójú ọrùn kò nílò fáníìsì. Nípa òfin CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò igi àti ẹranko tó wà nínú ewu, láti 26 oṣù kọkànlá 2019 ni ohun èlò orin tó ti parí àti ẹ̀yà rẹ̀ tó ti parí kò ti nílò ìwé àṣẹ fún rosewood mọ́, àyàfi rosewood ilẹ̀ Brazil, tí òfin rẹ̀ ṣì le.

Ohun kan wà tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ san owó lé lórí ju àwọ̀ lọ, òun ni ọ̀pá graphite méjì tí wọ́n máa ń rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ truss rod. Ọrùn báàsì gùn, ó ní ohùn tirẹ̀ tó máa ń fi gbọ̀n. Nígbà tí nóòtì kan bá bọ́ sórí ohùn yẹn, ọrùn á gba agbára okùn mọ́ ọn lọ́wọ́, nóòtì náà á sì kú kíákíá. Lórí báàsì irú Fender, okùn G láàárín fret 5 sí 7 ni ẹ ó ti sábà gbọ́ ọ. Graphite máa ń mú ọrùn le sí i, ó sì lè ti ibi náà kúrò lójú ọ̀nà tàbí kí ó dín in kù. Kò sí ẹni tó lè ṣèlérí pé yóò pa á run pátápátá.

Radius, ìyẹn bí ojú ọrùn ṣe yí, máa ń wà láti 7¼ ínǹṣì títí dé 12 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí pé a kì í sábà fa okùn báàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti gìtá, 7¼ kò fa wàhálà tó ń fà lórí gìtá. Ẹ yan èyí tó bá ọwọ́ yín mu.

Nígbà tó bá dé

Ẹ fi í sílẹ̀ nínú yàrá tí gìtá wà fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sójú, kí ẹ wo ó láti ìdí lọ sí orí: etí méjèèjì gbọ́dọ̀ lọ tààrà. Bí ọ̀kan bá tẹ̀ tí èkejì kò tẹ̀, ọrùn ti lọ́, truss rod kò sì lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ fi ọwọ́ gba etí fret kọjá. Bí ó bá ń gbo ọwọ́, igi ti súnkì lẹ́yìn tí wọ́n ti kan fret. Fáìlì lè yanjú ẹ̀. Ẹ yí truss rod díẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì, kí ẹ rí i pé ó ń gbá nǹkan mú. Ẹ fi ọrùn sínú kòtò, kí ẹ tún wọn láti fret 12 dé saddle. Ìgbà yìí ni kí ẹ dá a padà bí nǹkan bá ṣì, torí ọ̀pọ̀ olùtajà kì í gba ọrùn tí ẹ bá ti lu ihò sí.

Kí ẹ tó lu ihò, ẹ kọ́kọ́ kan pẹ́ẹ̀gì E àti G mọ́ orí, ẹ fi okùn àtijọ́ méjì tàbí òwú tó le sí i láti bridge, kí ẹ fà á títí yóò fi tọ́. Ẹ wo àyè tó wà láàárín okùn E àti etí ọrùn ní fret tó gbẹ̀yìn, kí ẹ wo ti G. Ẹ ti ọrùn sọ́tùn-ún sósì títí àyè méjèèjì yóò fi dọ́gba, kí ẹ wá fi kílámpù dì í pẹ̀lú ègé igi àti aṣọ láàárín, kí ó má bàa ha ojú fret. Ẹ tún wo okùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Kílámpù máa ń sún ọrùn. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ ki ẹnu díríìlì tó kún ihò ara gìtá bámúbámú, ti báàsì irú Fender sábà jẹ́ 3/16 ínǹṣì, 4.8 mm, kí ẹ fi ọwọ́ yí i kí ó fi àmì sí àárín gan-an lára ìdí ọrùn. Ọwọ́ ni, kì í ṣe iná.

Sìkúrù tó wọ́pọ̀ jẹ́ nọ́ńbà 8, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 1¾ ínǹṣì, bíi 45 mm. Fún maple, ihò 3.2 mm ló bá a mu. Jíjìn rẹ̀ ẹ ó ṣírò: gígùn sìkúrù, ẹ yọ sísanra páànù irin kúrò, ẹ yọ sísanra ara gìtá níbi kòtò, kí ẹ fi 2 mm lé e. Lórí ọ̀pọ̀ gìtá, yóò wà nítòsí 16 mm. Ẹ we tépù mọ́ ẹnu díríìlì níbẹ̀. Bí ó bá kọjá, ojú ọrùn ni yóò ti yọ. Ẹ fi àbẹ́là pa sìkúrù kí ó tó wọlé. Ẹ má lo ọṣẹ, torí ó ń fa omi, irin á sì dípẹtà. Ọwọ́ ni kí ẹ fi yí i dé òpin.

Sìkúrù gbọ́dọ̀ gba ihò ara gìtá kọjá láìjẹ igi rárá. Inú ọrùn nìkan ni kí eyín rẹ̀ ti gbá nǹkan mú. Bí ó bá jẹ igi ara gìtá, ọrùn á dúró níbi tó wà, bó ti wù kí ẹ fún un tó, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ á sì wà nídìí kòtò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn pé ọrùn tuntun kò dún dáadáa, ibẹ̀ ló ti ń wá. Ẹ fẹ̀ ihò ara gìtá díẹ̀, ó ti tán.

Ẹ fi okùn tuntun sí i, ẹ yí i dé ohùn, kí ẹ wá dẹ sìkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìdá mẹ́rin ìyípo. Okùn á fa ọrùn wọ inú kòtò pátápátá, nígbà mìíràn ẹ ó gbọ́ ọ. Ẹ tún yí sìkúrù náà le. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kápò, ohun tó ń tẹ gbogbo okùn mọ́ ọrùn, sí fret 1, ẹ tẹ okùn E níbi tí ọrùn ti bá ara pàdé, kí ẹ wọn àlàfo tó wà lábẹ́ okùn ní fret 8. Ìwọ̀n tí Fender ń lò jẹ́ 0.35 mm fún radius 7¼, àti 0.3 mm fún 9½ sí 12. Gíga okùn ní fret 17 fún 9½ sí 12 jẹ́ 2.4 mm lápá okùn E àti 2 mm lápá G. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá tún un ṣe bí ọwọ́ yín bá ṣe fẹ́.

Àgbájọ okùn mẹ́rin lórí 34 ínǹṣì ń fa ọrùn pẹ̀lú agbára tó lé ní 70 kílò, igi tuntun kì í sì jókòó sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ tún wọn àlàfo fret 8 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù kan. Bí ó bá ti pọ̀, ẹ yí truss rod ní ìdá mẹ́rin ìyípo, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ tó tún yí i. Bí irin bá ti le gan-an lọ́wọ́ tí àlàfo kò sì dín kù, ẹ dáwọ́ dúró níbẹ̀ kí ẹ kàn sí ẹni tó tà á fún yín.